Bí A Ṣe Ń Gbé Gbajúmọ̀ Orí Tẹlifíṣọ̀n Jáde Nínú Fọ́tò Oge

Orúkọ tí Yorùbá ń pe ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni gbajúmọ̀, èyí ni pé igba ojú ni ó mọ̀ ọ́n. Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, igba ojú ti pọ̀ tó fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwòrán ti ń wọlé lọ bá ènìyàn lórí àga nínú pálọ̀ rẹ̀, ẹnì kan lè jókòó sínú yàrá kan ní ìlú Chicago kí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn mọ ojú rẹ̀, kí wọ́n mọ ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì mọ bí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n tí ó bọ́ síwájú kámẹ́rà àwọn tí ń ya fọ́tò oge, ohun mìíràn ni ó ń dà. Ohun tí ó ń dà náà, àti ẹni tí ó ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ.

Ohun tí mo pè ní fọ́tò oge ni fọ́tò tí a yà láti fi aṣọ, bàtà, irun tàbí ohun ọ̀ṣọ́ han àwọn ènìyàn kí ó lè wù wọ́n. Fọ́tò tí bàbá àgbà gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ kò sí nínú irú èyí. Nínú ti bàbá àgbà, àgbà a wọ agbádá, a jókòó dáadáa, a gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, a kọjú sí kámẹ́rà gan-an, kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè mọ irú ènìyàn tí òun jẹ́. Òun ni ó pe onífọ́tò, òun ni ó sanwó, òun ni ó sì gbé fọ́tò lọ sílé. Nínú fọ́tò oge, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oníwèé ìròyìn tàbí ẹni tí ń ta aṣọ ni ó pe onífọ́tò, òun náà ni yóò sì yan èyí tí ó bá wù ú nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí a yà. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ lè má rí i títí a ó fi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Jẹ́ kí a wo inú yàrá tí a ti ń yà á ná. Onífọ́tò wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń bá a gbé iná. Ẹni tí ń kun ojú wà níbẹ̀, onídìrí wà níbẹ̀. Ẹnì kan tún wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti yan aṣọ kí ó sì máa tún un ṣe lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, tàbí aṣojú rẹ̀, dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Àwọn aṣọ tí a kó wá kì í sábà jẹ́ èyí tí a wọn ara gbajúmọ̀ náà rán. Àwọn ilé aránṣọ ńláńlá a máa rán ẹyọ kan fún ìfihàn, ara àwọn ọmọbìnrin gíga tóóró tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fífi aṣọ hàn ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí aṣọ bá tóbi ju ara lọ, wọn a kó o jọ lẹ́yìn, wọn a fi pín-ìnnì há a. Bí ara bá tóbi ju aṣọ lọ, wọn a fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ láìdè é. Iwájú nìkan ni kámẹ́rà ń rí.

Iná náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Iná tí ó rọ̀, tí ó ti iwájú wá, a máa pa ìlà ojú rẹ́. Èyí tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá a máa fi gbogbo kọ́lọfín ara hàn. Bí a bá gbé kámẹ́rà sí ìsàlẹ̀, ẹni tí a yà yóò ga bí ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́; bí a bá gbé e sókè, yóò kéré bí ọmọdé tí ń gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a óò tún fọ́tò náà ṣe. Ó ti pẹ́ tí àwọn onífọ́tò ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà pa àbàwọ́n rẹ́ lórí fọ́tò, ṣùgbọ́n láti ọdún 1990 tí ilé-iṣẹ́ Adobe ti gbé Photoshop jáde, kọ̀ǹpútà ti sọ iṣẹ́ náà di ohun ìrọ̀rùn. Èmi kò ka gbogbo èyí sí ẹ̀tàn. Kò sí ẹni tí í lọ ya fọ́tò láìbọ́jú. Ibi tí ìmúra parí sí, tí nǹkan mìíràn sì bẹ̀rẹ̀, ni ó yẹ kí a máa ṣọ́.

O lè béèrè pé kí ni wọ́n ń fi gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ṣe, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fífi aṣọ hàn pọ̀ lọ jàra. Ìwé ìròyìn oge tí ń jẹ́ Vogue, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1892, kò tilẹ̀ fi fọ́tò aláwọ̀ sí èèpo iwájú rẹ̀ títí di oṣù keje ọdún 1932, nígbà tí Edward Steichen ya ọ̀kan fún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn afaṣọhàn ni ó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí ọdún 1990 sí 1999 ń lọ, àwọn òṣèré àti àwọn ènìyàn orí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò lọ́wọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ènìyàn a máa gbẹ́kẹ̀ lé ojú tí ó mọ̀. Ẹni tí ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ lójoojúmọ́ ti di ojúlùmọ̀ rẹ, bí ìwọ kò tilẹ̀ rí i rí. Aláṣọ ń yá ìfẹ́ tí o ní sí i lò.

Ṣùgbọ́n nínú yíyá náà, ohun kan ń bọ́ sọnù. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú ń sọ̀rọ̀: ó ń yí, ó ń ṣẹ́jú, ó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ, ó sì ń fèsì. Nínú fọ́tò, ojú ti dákẹ́. Gbogbo ohun tí ẹni náà fi di gbajúmọ̀, bí í ṣe ọgbọ́n ẹnu ni o, bí í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni o, kò bá a wọ inú fọ́tò. Ara nìkan ni ó kù, ara náà ni a óò sì máa wò.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ti Farrah Fawcett, nítorí pé tirẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni nǹkan yìí ń gbà. Ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio tí ń tẹ àwòrán ńláńlá tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri fẹ́ ta àwòrán rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n pe Bruce McBroom, onífọ́tò tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti yà á. Kò sí onídìrí, kò sí akunjú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe irun rẹ̀, òun ni ó sì mú aṣọ ìwẹ̀ pupa láti inú àpótí ara rẹ̀. Aṣọ tí onífọ́tò ta sẹ́yìn rẹ̀, inú mọ́tò tirẹ̀ ni ó ti lọ mú un wá. Nígbà tí fọ́tò jáde, Farrah ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tí ó wù ú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni eré Charlie's Angels bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí òun àti obìnrin méjì mìíràn ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àwòrán náà tà ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀dà. Àwọn obìnrin ń lọ bá onídìrí wọn pé irun Farrah ni àwọn ń fẹ́. Ọdún kan péré ni ó ṣe nínú eré náà kí ó tó fi í sílẹ̀, ó sì kú ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n aṣọ ìwẹ̀ pupa náà ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington láti ọdún 2011.

Wò ó, ara náà ni a fi hàn nínú fọ́tò yìí, kò sì sí irọ́ níbẹ̀ pé ara ni wọ́n ń tà. Síbẹ̀, ẹni tí ó ni ara ni ó sọ bí yóò ti rí.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a wá sórí Oprah Winfrey, nítorí tirẹ̀ ni ó kún fún ẹ̀kọ́ jù lọ. A bí i ní ọdún 1954 ní ìlú Kosciusko ní ìpínlẹ̀ Mississippi, nínú ìṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ètò rẹ̀ tí ó ń ṣe ní Chicago di èyí tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò, kò sì dáwọ́ dúró títí di oṣù karùn-ún ọdún 2011. Ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń tẹ́tí sílẹ̀, ó sì ń sọ ti ara rẹ̀ láìfi bò. Obìnrin dúdú ni, ó sì sanra. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ sọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ohun tí ó ń sọ kò tó wọn gbọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin tí kò jẹ oúnjẹ líle, tí ohun mímu nìkan ni ó ń mu, Oprah wọ ṣòkòtò jíìnsì fífún jáde síwájú àwọn òǹwòran. Ó ń fa ọmọlanke kékeré kan lẹ́yìn, ọ̀rá ẹran ni ó kún inú rẹ̀: ìwọ̀n pọ́ùn 67, bíi kílò 30, iye tí ó ti dín kù lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ara fi ń padà bọ̀, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti sọ fún ayé nígbà tí ó yá.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ohun tí mo fẹ́ kí o fiyè sí ṣẹlẹ̀. Ìwé ìròyìn TV Guide, tí ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà láti sọ ohun tí yóò wà lórí tẹlifíṣọ̀n, gbé àwòrán Oprah sí èèpo iwájú rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1989. Ó jókòó lórí òkìtì owó, ó wọ aṣọ dídán, ara rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Orí náà ni orí Oprah. Ara náà kì í ṣe tirẹ̀. Ara òṣèré kan tí ń jẹ́ Ann-Margret ni, láti inú fọ́tò ìpolówó kan tí a yà ní ọdún 1979. Kò sí ẹni tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ obìnrin méjèèjì. Ẹni tí ó ṣe aṣọ náà fún Ann-Margret ni ó wò ó tí ó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyí. Obìnrin funfun ni Ann-Margret, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ pàápàá ni wọ́n ní láti kùn kí ọ̀rùn lè bá orí mu. Photoshop kò ì tí ì dé ọjà nígbà náà o. Má ṣe kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ pé kọ̀ǹpútà ni ó bí irú ìwà yìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń kọ bẹ́ẹ̀.

Bóyá ìwọ yóò sọ pé àwọn onífọ́tò ilẹ̀ wa náà ti ń so fọ́tò pọ̀ tipẹ́. Òtítọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó wá ṣe ìwádìí lórí fọ́tò yíyà láàárín Yorùbá, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya fọ́tò pẹ̀lú èkejì rẹ̀, àwọn onífọ́tò a máa ya èyí tí ó wà láàyè, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí ìbejì bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ kan yìí ni yóò wọ aṣọ méjèèjì. Ìsopọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n òbí ni ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, gbogbo ilé sì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ti TV Guide kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń sọ fún òǹkàwé ni pé obìnrin yìí lọ́lá, ó lókìkí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò dára tó láti gbé ọlá náà, ẹ jẹ́ kí a bá a wá òmíràn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, Oprah dé èèpo iwájú Vogue. Steven Meisel ni ó yà á. Oṣù yẹn kan náà ni fíìmù Beloved jáde, tí a ṣe láti inú ìwé Toni Morrison, nínú èyí tí Oprah ti ṣe Sethe, obìnrin tí ó sá kúrò lóko ẹrú. Nítorí fíìmù náà ni ó fi tọ́ sí i láti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó yà á, Anna Wintour, tí ó di olóòtú Vogue ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1988, ti lọ bá a ní Chicago, ó sì rọra sọ fún un pé bóyá yóò dára kí ó dín díẹ̀ kù lára. Kì í ṣe àhesọ; Wintour fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2009, nínú ètò 60 Minutes. Oprah gbà. Ó dín bí ìwọ̀n pọ́ùn 20 kù, bíi kílò 9, ó sì ya fọ́tò.

Fọ́tò náà dára. N kò ní sọ pé kò dára. Obìnrin dúdú láti Mississippi wà níbẹ̀ bí ọbabìnrin, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dùn láti rà á. Òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú un. Síbẹ̀, ro bí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1989, wọ́n mú orí rẹ̀ láìbéèrè, wọ́n lọ wá ara fún un. Ní 1998, wọ́n béèrè, òun ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ayàwòrán ṣe nígbà àkọ́kọ́. Aránṣọ àdúgbò wa a máa wọn ènìyàn kí ó tó gé aṣọ. Nínú iṣẹ́ fọ́tò oge, aṣọ ni a kọ́kọ́ ń gé, ènìyàn ni ó sì ní láti bá a mu. Obìnrin tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo aránṣọ ayé ì bá sáré rán aṣọ fún, kò rí ẹni tí yóò rán èyí tí ó bá ara rẹ̀ mu kí ọjọ́ fọ́tò tó pé.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni mo rí bí ìdáhùn, bí òun kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2000 ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, O, tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí èèpo iwájú rẹ̀ lóṣooṣù. Títí di ìgbà tí wọ́n fi àwòrán Breonna Taylor síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, kò sí èèpo kan tí kò sí ojú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, Oprah méjì ni ó dúró ti ara wọn níbẹ̀: ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èkejì sanra, bí ó ti rí lọ́jọ́ náà gan-an. Ìbínú sí ara rẹ̀ ni ó kún inú ọ̀rọ̀ tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, èyí sì dùn mí nígbà tí mo kà á. Ènìyàn lè ra ilé ìtẹ̀wé kí ojú tí àwọn ẹlòmíràn fi ń wò ó má tíì kúrò lójú òun náà.

Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ti ń sọ̀rọ̀ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Zendaya, tí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ mọ̀ nínú eré Shake It Up lórí Disney Channel ní ọdún 2010, jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tí ìwé ìròyìn Modeliste ya fọ́tò rẹ̀ ní ọdún 2015. Nígbà tí fọ́tò jáde, ó rí i pé wọ́n ti gé nǹkan kúrò ní ìbàdí òun àti ní ìhà òun. Ó gbé fọ́tò tí a tún ṣe àti èyí tí a kò tún ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ènìyàn fi ojú ara wọn rí i. Olóòtú ìwé náà mú èyí tí ó ti jáde kúrò, ó sì fi fọ́tò gidi rọ́pò rẹ̀. Kíyè sí i pé ohun ìjà kan ṣoṣo tí ó lò ni pé ó ní fọ́tò àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Oprah kò ní irú rẹ̀ ní 1989, nítorí kò tilẹ̀ jókòó fún ẹnikẹ́ni.

Òfin náà ti ń dá sí i. Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù kẹwàá ọdún 2017, bí a bá fi kọ̀ǹpútà mú ara afaṣọhàn tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí sanra nínú fọ́tò ìpolówó, dandan ni kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti tún un ṣe. Norway náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022. Ìpolówó ọjà ni òfin méjèèjì ń bá wí. Fọ́tò gbajúmọ̀ tí ìwé ìròyìn kan yà fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ìpolówó tí aláṣọ sanwó fún, ọwọ́ olóòtú àti onífọ́tò ni ó ṣì wà, àti ọwọ́ gbajúmọ̀ náà, bí ó bá ti bá wọn kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí iná tó tàn.